Ìwé Ìgbéyàwó àti Owó Ọmọ: Bí Ìjọba Ṣe Wọ Inú Ilé Wa

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ máa ń wí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ojú mìíràn tún ti ń wo ilé náà, èyíinì ni ojú ìjọba. Ìjọba fẹ́ mọ ẹni tí ó fẹ́ ẹni, iye ọmọ tí ó wà nínú ilé, àti ọjọ́ tí a bí wọn. Nígbà mìíràn, òfin ni ó fi ń wọlé. Nígbà mìíràn, owó ni. A fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ayé Dahomey títí di òní, nítorí pé ní kíláàsì tí a ti ń kọ́ ọmọ, a ń rí i pé ìtàn náà kò tíì parí.

Kí àwọn Faransé tó dé, ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀ràn ẹni méjì péré. Alárinà a lọ, a bọ̀. Ìdílé méjèèjì a wádìí ara wọn. Wọn a tọrọ ìyàwó, wọn a ṣe ìdáná, wọn a gbé obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ síwájú àgbà. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ẹ̀rí. Bí ọmọ bá dé, wọn a sọ ọ́ lórúkọ ní gbangba. Bí bàbá bá kú, ẹbí ni yóò gba ọmọ tọ́. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. Wọ́n a máa fi ọmọdébìnrin fọ́kọ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n a sì máa ṣú opó, bí ó fẹ́, bí ó kọ̀. Kò yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí àṣà mú wa bo èyí mọ́lẹ̀.

Orí àbùkù wọ̀nyí ni ìjọba amúnisìn gbé ẹsẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1939, àṣẹ tí a ń pè ní décret Mandel fi lélẹ̀ pé ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ wọ ilé ọkọ kí ó tó pé ọdún 14, ọmọkùnrin kò sì gbọdọ̀ gbéyàwó kí ó tó pé 16, àti pé ìgbéyàwó tí àwọn méjèèjì kò fẹnu ara wọn gbà kì í ṣe ìgbéyàwó. Décret Jacquinot tẹ̀lé e ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1951. Ó gba obìnrin tí ó ti pé ọdún 21, àti èyí tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká lábẹ́ òfin, láyè láti fẹ́ ẹni tí ó wù ú láìsí pé ẹnikẹ́ni ń retí èrè lórí rẹ̀. Ó sì fún ọkọ láyè láti kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú ìgbéyàwó pé òun kò ní fẹ́ ìyàwó kejì.

Bí òfin ṣe ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan, owó ń bọ̀ láti èkejì. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1932 ti mú kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa dá owó jọ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ńṣe ni wọ́n ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ bí ẹni pé àpọ́n ni, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì ń jẹun láti oko. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Afíríkà ti Ìwọ̀-Oòrùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1947 di oṣù kẹta ọdún 1948 ni wọ́n fi da iṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ti Dahomey sì wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun wà lábẹ́ ètò kan náà, títí kan owó ọmọ. Òfin Lamine Guèye ti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1950 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ ti ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952 wá ṣí ọ̀nà fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, owó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1956.

Owó yìí kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Kí bàbá tó gbà á, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí ọmọ wá. Aláboyún gbọ́dọ̀ fi ara han dókítà. Ọmọ tí ó bá tó ilé ẹ̀kọ́ lọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nípa báyìí, owó kékeré ṣe ohun tí àṣẹ ńlá kò rí ṣe, nítorí ó mú kí àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni? Àwọn tí ń gba owó oṣù ni. Àgbẹ̀ tí ń gbin àgbàdo ní Kétu, obìnrin tí ń fún epo ní Pobè, àti èyí tí ń pàtẹ ní ọjà Àjàṣẹ́ kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò dá owó fún wọn. Àwọn ni ó sì pọ̀ jù. Ìjọba tí ó sọ pé ti ọmọ ni òun ń rò kò rí ọmọ wọn.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀díẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dìbò fún òfin ìdílé ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé gbígba ọkùnrin láyè láti ní ju aya kan lọ tako ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n tún un ṣe, ó sì di òfin ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004. Ọkọ kan, aya kan ni òfin mọ̀. Ọdún 18 ni ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Owó orí di àmì lásán. Òfin àwọn ọmọdé tẹ̀lé e ní ọdún 2015. Láàárín méjèèjì, ìjọba sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 2006, ó sì mú owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ kúrò lórí àwọn aláboyún ní 2009. Ẹ kíyè sí i: àwọn méjì tí ó kẹ́yìn yìí kò béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dé abúlé tí owó ọmọ kò dé rí.

Síbẹ̀, ìwé kò dẹ́kun láti máa ya ilé sí méjì. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ ìyá rẹ̀ sí ìyàwó bàbá náà. Wọ́n ṣe ìdáná, àwọn àgbà sì gbà á. Nígbà tí bàbá kú, ìyá kò ní ìwé ìgbéyàwó, ọmọ kò sì ní ìwé ìbí. Òfin sọ pé ọmọ dọ́gba pẹ̀lú ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ ẹni náà ni òun. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi wá ẹlẹ́rìí, tí wọ́n fi dúró de ìdájọ́, tí ìdánwò sì ń sún mọ́lé. A bá wọn kọ lẹ́tà, a bá wọn lọ, a bá wọn bọ̀. Ọmọ náà jókòó ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìyá kò rí owó opó kankan gbà.

Lójú tiwa, kì í ṣe àṣà ni ó pa ìyá yìí lára, kì í sì í ṣe òfin nìkan. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti ọdún 1947 ti mọ̀ pé owó ilé kò lè tẹ ọmọ lọ́wọ́ bí ìjọba kò bá rí ilé náà. Ó yẹ kí ìjọba náà mọ̀ pé ilé tí òun kò rí kì í ṣe ilé òfìfo. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ jẹ́ ọjọ́ tí a ó yan ẹnì kan nínú ẹbí, tí yóò lọ sí mairie kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kí àwọn tí ó bá sì jókòó níbi ìdáná béèrè, kí wọ́n tó dìde, ọjọ́ tí ọkọ àti ìyàwó yóò lọ fọwọ́ sí ìwé.