Ìbòmú: láti orí òkè yìnyín dé Ọjà Bísi l'Adó-Èkìtì

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìbòmú la fẹ́ sọ lónìí o. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbòmú ọdún 2020 yẹn. Èyí tẹ́ ẹ so kọ́ dígí ọkọ̀, tẹ́ ẹ fà sí abẹ́ àgbọ̀n, tẹ́ ẹ wá gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìtàn ẹ̀ kan òkè yìnyín kan ní Yúróòpù, ó kan ọkọ̀ ojú omi kan tó gúnlẹ̀ l'Ékòó ní 1918, ó sì kan Adó-Èkìtì wa yìí. Ẹ fìdí balẹ̀, ó gùn díẹ̀. 🧵

2/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù. Abúlé kan wà láàárín òkè ní Austria, Ischgl lorúkọ ẹ̀. Tí òtútù bá ti dé, ibẹ̀ làwọn tó lówó lọ́wọ́ ní Yúróòpù máa ń lọ ṣeré síkì. Wọ́n á de pátákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa yọ̀ bọ̀ látorí òkè nínú yìnyín. Ẹ fojú inú wo òkè Olósùnta n'Íkẹ́rẹ́ kó funfun láúláú látòkè délẹ̀, káwọn èèyàn wá máa yọ̀ bọ̀ lórí ẹ̀ bí ọmọdé tó ń ṣeré nínú ẹrẹ̀. Irú ẹ̀ nìyẹn.

3/ Ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2020, orílẹ̀-èdè Iceland kéde pé ibi eléwu ni Ischgl, torí àwọn ọmọ ìlú wọn tó lọ ṣeré níbẹ̀ ń gbé Kòrónà bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ 7, àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ọtí ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Kitzloch ti ní in. Ọjọ́ 13 ni wọ́n tó ti abúlé náà pa. Nígbà tó yá, àwọn dókítà yunifásítì ìṣègùn Innsbruck yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wò: nínú èèyàn 100, bíi 42 ló ti kó o.

4/ Ìbéèrè mi rèé: ṣé ìgbà tí wọ́n ń yọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n kó o ni? Rárá o. Lórí òkè, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnì kan jìnnà sí ẹnì kejì. Inú ilé ọtí tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń pariwo síra wọn létí ni wàhálà wà. Inú àpótí onídígí tó ń fi okùn irin gbé èèyàn gòkè náà wà ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ṣí eré síkì padà níparí 2020, orí ìlà àti ibi tí wọ́n ti ń gun okùn irin yẹn ni òfin ìbòmú wọn tẹ̀ mọ́ jù.

5/ Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sí i: eré kọ́ ló ń kó àrùn ranni, ibi tá a ti fún mọ́ra ni.

6/ Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé ká fi aṣọ bo imú? Ó ti pẹ́ táwọn dókítà ti ń lò ó nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ kó di ti gbogbo èèyàn ni Dókítà Wu Lien-teh, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí ní Penang. Ní 1910 sí 1911, àjàkálẹ̀ àrùn kan tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ń pa èèyàn ní Manchuria. Ó ní atẹ́gùn ẹnu ni àrùn náà ń bá rìn, kí gbogbo èèyàn fi aṣọ onípele bomú. Dókítà ará Faransé kan, Gérald Mesny, fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó wọlé tọ àwọn aláìsàn láìbomú. Kò pẹ́ tó fi kú. Àrùn yẹn náà ló pa á.

7/ Ẹ wá jẹ́ ká sún mọ́lé. Ọdún 1918. Ogun àgbáyé kìíní ń parí lọ, àrùn ọ̀fìnkìn ńlá kan sì ń bá ọkọ̀ ojú omi kiri. Oṣù kẹjọ ló dé Freetown ní Sierra Leone. Oṣù kẹsàn-án, ó bá ọkọ̀ ojú omi kan dé Èkó láti Gold Coast, ìyẹn Ghana òní.

8/ Ìjọba òyìnbó ti ilé ìwé pa, wọ́n rán wolé-wolé kiri ilé láti wá aláìsàn. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n sá! Ẹ̀rù wolé-wolé bà wọ́n ju ẹ̀rù àrùn lọ. Wọ́n sá kúrò l'Ékòó, àrùn sì bá wọn gun rélùwéè, ó bá wọn dé ìgbèríko. Iye tí àwọn onítàn sábà máa ń dá ni pé ó pa bíi ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa ò ju bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Ìyẹn láàárín oṣù díẹ̀ péré o.

9/ Rélùwéè ò dé Èkìtì nígbà yẹn (kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ 😭). Òṣogbo ló ti wà látọdún 1907. Àmọ́ ọlọ́jà ń fẹsẹ̀ rìn, aláàárù ń ru ẹrù, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń kiri aṣọ àwìn láti abúlé dé abúlé. Ibi tí ọjà bá ti ń dé, àìsàn náà mọ ọ̀nà ibẹ̀.

10/ Àwọn àgbà kan ń pe àìsàn yẹn ní lùkúlùkú, orúkọ kan náà pẹ̀lú àrùn tó máa ń pa adìẹ lọ bẹẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti sin adìẹ rí, ẹ mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ. Ẹ jí láàárọ̀, kò ku ẹyọ kan nínú àgọ́.

11/ Àmọ́ ohun tó bí sílẹ̀ ṣì wà lójú wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1918 yẹn, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà nítorí àrùn náà. Joseph Shadare wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ tíṣà, Sophia Odunlami, náà wà níbẹ̀. Àwọn tó tibẹ̀ jáde wà lára àwọn tó di ìjọ Aládùúrà tá a mọ̀ sí CAC lẹ́yìn ọ̀la. Ní 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ n'Íléṣà, ó sì gbà á dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ẹ̀fọ̀n wa níhìn-ín! Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 1959. Ẹ ò rí i pé ìbẹ̀rù ọ̀fìnkìn kan yí bí ìdajì àdúgbò wa ṣe ń gbàdúrà padà.

12/ Ní ọdún yẹn kan náà, San Francisco l'Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí gbogbo èèyàn bomú. Oṣù kìíní 1919, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fi ta ko ìbòmú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣèpàdé lé e lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé Nàìjíríà nìkan ló ń ṣorí kunkun, ẹ fún un ní ìwé ìtàn kó lọ kà. 😌

13/ Ó yá, 2020. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ni àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó wá láti Milan. Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ni Èkìtì kéde ẹni àkọ́kọ́ tiwa. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti ní ká jókòó sílé. Ẹ rántí bí Fájuyì ṣe dá wáí? Ẹ rántí Ọjà Bísi àti Ọjà Ọba láìsí ariwo?

14/ Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́jà ni Adó. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè jókòó sílé, kí owó oṣù ṣì wọlé. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ̀fọ́ òní ni owó oúnjẹ òní. Ọlọ́kadà ńkọ́? Ẹni tó ń gún iyán tà ńkọ́, nígbà tí kò sẹ́ni níta? Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ pé “àrùn olówó ni, àwọn tó ń wọ bàálù ló ni ín.”

15/ Ọ̀rọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́ pátápátá. Àwọn tó ń wọ bàálù ló gbé e wọlé lóòótọ́, bí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ṣe gbé ti 1918 wọlé. Àwọn tó ń ṣeré síkì ló gbé e kúrò ní Ischgl. Àmọ́ tó bá ti wọlé tán, kì í béèrè iye tó wà nínú àkáǹtì yín. Oṣù keje 2020, gómìnà wa nígbà yẹn, Káyọ̀dé Fáyẹmí, kéde fúnra ẹ̀ pé òun ti ní in. Gómìnà tó jẹ́ alága gbogbo gómìnà o!

16/ Ìbòmú wá ńkọ́? Ẹ rántí pé níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ká má lò ó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nìkan máa lò ó, torí kò tó. Oṣù kẹrin ni Amẹ́ríkà ní kí gbogbo èèyàn máa fi aṣọ bomú. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni Ààrẹ Buhari náà kéde ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni WHO tó yí ohùn padà, tó ní kó jẹ́ aṣọ onípele mẹ́ta. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò fọkàn tán ìjọba tẹ́lẹ̀ rí àwíjàre níbẹ̀: “Ẹ ẹ̀ rí i? Àwọn gan-an ò mọ̀.”

17/ Àwọn tó gbà wá lọ́jọ́ yẹn ni télọ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú ṣíṣe, kò sí aṣọ ẹbí, máṣíìnì dákẹ́. Ni wọ́n bá fa àgékù àńkárá yọ nínú àpò, wọ́n ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń rán ìbòmú. Ìbòmú ilé ìwòsàn wọ́n, ó sì gbówó lórí, ọ̀pọ̀ wa ò lè rà á. Ìbòmú àńkárá ló kárí, ó ṣe é fọ̀, ó tún bá aṣọ mu. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ló dúró láàárín ọ̀pọ̀ ilé àti ebi, ló tún dúró láàárín ọ̀pọ̀ imú àti àrùn.

18/ Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Tá a bá ń sọ̀rọ̀, tá a ń kọrin, tá a ń wúkọ́, itọ́ wẹ́wẹ́ ń ta jáde lẹ́nu wa, èyí tó kéré jù ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Aṣọ náà ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀ dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí pípele ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Kò lè dá gbogbo ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kékeré kọ́ ló ń dín kù, pàápàá tí àwa méjèèjì bá bomú.

19/ Ó wá ku bá a ṣe lò ó. 🤦🏾‍♀️ Oníbàárà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kiri ìbòmú, á wọ pupa, á wo dígí, á bọ́ ọ, á wọ búlúù, á ní “ẹ bá mi dín in kù,” á dá méjèèjì padà. Ẹlòmíì á tún wọ pupa yẹn. Àfi bíi fìlà!

20/ Ibí wá ni Ischgl àti Adó ti pàdé. Ẹ rántí ọlọ́kadà tó bomú fọ́nfọ́n, tí atẹ́gùn Ajílósùn ń fẹ́ ẹ lójú, torí ó rí ọlọ́pàá níwájú. Ẹ tún rántí tasín tó kó mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú, tí wọ́n wé dígí sókè nítorí òjò, tí gbogbo wọn sì fa ìbòmú sí abẹ́ àgbọ̀n kí wọ́n lè máa jiyàn dáadáa. Níta gbangba la bomú, inú ibi tá a ti fún mọ́ra la ti bọ́ ọ. Orí òkè la ti ń ṣọ́ra, inú ilé ọtí la ti ń kó o. Ọlọ́pàá la ń bẹ̀rù, a ò bẹ̀rù àrùn. Wolé-wolé 1918 ló tún dé yẹn!

21/ Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé òmùgọ̀ kọ́ ló fa ìyẹn. Tí òfin bá bá ọlọ́pàá wá, tí kò bá oúnjẹ àti àlàyé wá, ojú ọlọ́pàá nìkan làwọn èèyàn á ti máa pa á mọ́. Oṣù kẹwàá 2020, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rù sí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà nínú ẹ̀. Ẹni tí ebi ti pa láti oṣù kẹrin, tó wá rí àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, kí lẹ máa tún sọ fún un nípa ìbòmú tó máa gbọ́? Oṣù kìíní 2021, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde pé ẹni tí ò bá bomú lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó parí sí.

22/ Ó sì jẹ́ nǹkan ẹ̀rín pé àwa Èkìtì la sọ pé aṣọ pẹlẹbẹ kan ń dí wa lémìí. Àwa tá a ni Ẹpa! Igi gbígbẹ́ tí ẹlòmíì nínú ẹ̀ ju 20 kg lọ, tí ẹni tó gbé e máa ń gba ẹnu ìkòkò ẹ̀ ríran, tó sì máa fò gun òkìtì, tí gbogbo ìlú ń wò ó bóyá á ṣubú. A mọ ìdí tá a fi ń gbé Ẹpa: kó lè dára fún ìlú. Ẹni tó bá mọ ìdí, á ru ẹrù tó wúwo. Ẹni tí wọn ò ṣàlàyé fún, rọ́bà etí á máa ta á.

23/ Oṣù kejì 2022, Samuel Ikpefan gbé àsíá wa lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa ṣeré síkì níbẹ̀, òun nìkan ló sì ṣojú wa lọ́dún yẹn. Gbogbo wọn ló ń bomú tí wọn ò bá ti sí lórí yìnyín. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 2023 ni WHO kéde pé pàjáwìrì ti parí. Lákọsílẹ̀, ó lé ní 266,000 èèyàn tó ní in ní Nàìjíríà, 3,155 ló kú. Olúkúlùkù wọn ló ní ilé tó ń retí ẹ̀.

24/ Kí ló dé tí mo fi kọ gbogbo èyí? Torí ní 1918, ilé àwọn baba ńlá wa dà rú, ẹ lọ béèrè l'Adó lónìí, ta ló lè sọ ọ́? Àwọn tó rí i ti kú, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rẹ́ni bi wọ́n. Tiwa ti 2020 ti ń di ẹ̀fẹ̀ àti míìmù báyìí. Tó bá fi máa di ogún ọdún, ìbòmú abẹ́ àgbọ̀n nìkan la máa rántí.

25/ Àrùn míì á tún dé lọ́jọ́ kan, ọ̀nà ọjà ló sì máa gbà. Ẹ bá mi rán ara yín létí ohun mẹ́ta: ibi tá a ti fún mọ́ra ni kẹ́ ẹ ti bomú, onípele mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rán, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé oúnjẹ dà kí wọ́n tó ti ọjà pa.

26/ Kẹ́ ẹ tó lọ: ẹ pe ìyá àgbà yín, ẹ pe télọ̀ àdúgbò yín, ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe jẹun lóṣù kẹrin 2020. Ẹ ká ohùn wọn sórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí fún mi, Yorùbá àdàlù, ẹnà ìlú yín, gbogbo ẹ̀ ni mo máa kà.