Ẹjọ́ McFall àti Shimp: Ta Ló Ni Ara Ọmọ Ẹbí?

Ẹ ti mọ̀ mí, bí mo bá ti dákẹ́ pẹ́, ìwé ni mo há sí. Ẹjọ́ kan wà nínú orí kejì iṣẹ́ ìwádìí mi tí n kò fẹ́ dá nìkan mọ̀ mọ́. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ọdún 1978, ní ìlú Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert McFall, ẹni ọdún 39, wà lẹ́nu ikú. Aplastic anaemia ló ń ṣe é, ìyẹn ni pé mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ kò pèsè ẹ̀jẹ̀ tó tó mọ́. Ọ̀nà tí àwọn dókítà rí ni kí wọ́n fa mùdùnmúdùn lára ẹlòmíràn tí tiẹ̀ bá a mu, kí wọ́n fi sí i lára. Inú ẹbí ni wọ́n ti ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, torí Amẹ́ríkà kò tíì ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn àjèjì tó fẹ́ fi tiwọn tọrẹ sí. Wọ́n wá, wọ́n wá, ẹnì kan ṣoṣo ló jọ pé ó bá a mu: David Shimp, ọmọ ẹbí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí "ọmọ ẹbí" yìí. Cousin ni òyìnbó ń pè é. Kò sí ọ̀rọ̀ kan péré tí Yorùbá fi ń pè é. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, màá kàn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Bí mo bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn, torí màmá á bi mí pé: èèyàn ẹ̀ ló wò ó títí tó fi kú?

Shimp kọ́kọ́ gbà. Ó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, àyẹ̀wò náà sì dáa. Nígbà tó ku èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kì í ṣe eré. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ńlá gún egungun ìbàdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n kì í sábà pa èèyàn, ara á sì tún mùdùnmúdùn mìíràn ṣe dípò èyí tí wọ́n fà.

McFall gbé e lọ sí kóòtù. Lọ́yà rẹ̀ tú ìwé títí, kò rí ẹjọ́ kankan tó jọ ọ́, ló bá lọ gbé òfin Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, òfin ọdún 1285! Ó ní kóòtù Pittsburgh ló jogún agbára tí òfin yẹn fún àwọn kóòtù Gẹ̀ẹ́sì láti wá àtúnṣe níbi tí òfin kò ti sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn lọ́yà yìí gan-an. Nígbà tí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ń kú lọ, o ò ní jókòó kawọ́ gbera.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ni Adájọ́ John Flaherty dá ẹjọ́ náà. Ó ní òfin tí wọ́n jogún kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti gba ẹlòmíràn là. Ó ní kíkọ̀ tí Shimp kọ̀ kò ṣeé gbè lẹ́yìn rárá ní ti ìwà ọmọlúàbí. Ó tún wá ní bí kóòtù bá fi ipá fa nǹkan jáde lára èèyàn kan fún èèyàn kejì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ó ti dúró, torí ó dà bí ìgbà tí ìlú bá ki eyín bọ ọmọ ìlú lọ́rùn, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mu láti fi bọ́ ẹlòmíràn. Ó dárúkọ àmì àwọn Násì ti Jámánì síbẹ̀. Shimp lọ sílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, McFall kú.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ Yorùbá wa níbí, ó ní adájọ́ yẹn ń bẹ̀rù ni, pé bí o bá ti mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan ṣe burú, kí lo wá dá a sílẹ̀ fún? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Flaherty ṣe kò ṣàjèjì sí àwa gan-an. Ó fi Shimp sílẹ̀ fún àjọbí. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà láàárín ẹbí tí ọba kò lè dá, tí wọ́n á ní kí àjọbí ó dá a. Ìyẹn ò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pe ohun tó burú ní dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn adájọ́ náà ni àwọn ẹjọ́ méjì tó yí tiẹ̀ ká.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Kentucky ní 1969. Tommy Strunk, ẹni ọdún 28, kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Àbúrò rẹ̀ Jerry, ẹni ọdún 27, ń gbé ní ilé ìtọ́jú ìjọba, torí òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Kíndìnrín Jerry ló bá ti Tommy mu. Ìyá wọn lọ bẹ kóòtù, mẹ́rin nínú adájọ́ méje sì gbà pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní Jerry fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé bí Tommy bá kú, ó máa dun Jerry ju kí kíndìnrín kan kúrò lára rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi náà mọ bí ojú abiyamọ tó ń wo ọmọ méjì báyìí ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Shimp: ọkùnrin tó lè la ẹnu kó ní "mi ò ṣe", wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í ni wọ́n yọ kíndìnrín lára ẹ̀.

Ìkejì ni ti Angela Carder, ní Washington, ní oṣù Kẹfà ọdún 1987. Ẹni ọdún 27 ni, jẹjẹrẹ ń pa á lọ, oyún ọ̀sẹ̀ 26 sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn pe adájọ́ wá, wọ́n ṣe ìgbẹ́jọ́ náà nínú ọgbà ilé ìwòsàn níbẹ̀, adájọ́ sì ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde. Nígbà tí wọ́n sọ fún Angela, ó kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, ó ní òun ò fẹ́. Wọ́n ṣe é. Ọmọ lo bíi wákàtí méjì láyé, ìyá kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ọdún 1990 ni kóòtù tó ga jù ní Washington tó fagi lé àṣẹ yẹn, wọ́n ní kò sẹ́ni tí wọ́n ń fi ipá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí lára torí ìlera ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí wọ́n gbára lé? McFall àti Shimp. Ẹjọ́ tó jọ pé ó dáàbò bo ahun ló wá padà di ohun tí wọ́n fi gbèjà obìnrin tó ti kú.

Ó dáa. Kóòtù ti parí ti òyìnbó. Tiwa ńkọ́? Ìpàdé ẹbí kò ní ibi tí èèyàn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Mo ti wà nínú ọ̀kan lórí WhatsApp, nígbà tí kíndìnrín ẹnì kan nínú ẹbí wa daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Oore ni wọ́n kàn ń kà. Ta ló san owó WAEC lágbájá? Ilé ta ló gbé nígbà tó kọ́kọ́ dé Houston? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wa ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀. Ẹni tí kò lówó, tí kò tíì gbéyàwó, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, òun ni. Kò sẹ́ni tó bojú wo ẹ̀gbọ́n tó ní ilé mẹ́ta.

Ní ọdún 2023, kóòtù Old Bailey ní London dá olóṣèlú Nàìjíríà kan, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi, torí wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ọjà kiri ní Èkó wá sí London láti wá fi kíndìnrín rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Òun ni ìdálẹ́bi àkọ́kọ́ lórí ẹ̀yà ara lábẹ́ òfin Modern Slavery Act ti 2015. Kí ni wọ́n pe ọmọ náà fún àwọn dókítà? Cousin. Wọ́n ní ọmọ ẹbí ni. Ilé ìwòsàn ló kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí dókítà rí i pé kò yé ọmọ ọ̀hún tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, láti 2007, òfin Medicare ní kí ilé ìwòsàn tó bá ń gba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ alààyè yan ẹnì kan tó máa dúró fún ẹni tó fẹ́ fi sílẹ̀ nìkan, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbà á. Ní Britain, ẹni tí Human Tissue Authority fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, láìsí ẹbí níbẹ̀. Bó bá sọ níbẹ̀ pé òun ò fẹ́, ilé ìwòsàn lè kàn sọ fún ẹbí pé kò yẹ fún un. Wọn ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàdé WhatsApp á sì tú ká.

Kódà, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún tó yè, òun fúnra ẹ̀ ló ṣí irú ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Boston ni, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, Richard Herrick àti Ronald, ìbejì tó jọra bí ìmumu. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, Richard, tó ń kú lọ, kọ ìwé kékeré sí Ronald pé kó máa lọ sílé. Ronald kọ èsì padà pé òun wà níbẹ̀, òun ò sì ní lọ. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ronald kú ní 2010, ní ẹni ọdún 79.