Olùkọ́ tó gbọ́ tẹnu àfòpiná: Charles Henry Turner

Òwe wa kò ka àfòpiná sí ọlọ́gbọ́n: èyí tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1914, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé àfòpiná a máa gbọ́ràn, àti pé ó lè kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Charles Henry Turner ni orúkọ olùkọ́ náà.

Ìlú Cincinnati ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1867, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan péré lẹ́yìn tí òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ń tọ́jú ilé ìjọsìn, ìyá rẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn. Ó kàwé ní yunifásítì ìlú rẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní 1907, lórí bí èèrà ṣe ń mọ ọ̀nà ilé. Pẹ̀lú oyè yìí, inú kíláàsì ni ó padà sí. Láti 1908 títí di 1922, ó kọ́ni ní Sumner, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní St. Louis.

Àwa tí a ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, a máa ń sọ láàárín ara wa pé níbi tí kò bá ti sí yàrá ìwádìí, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ló kù. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Turner lò fún àfòpiná: fèrè Galton, tí a lè yí kí ohùn rẹ̀ lọ sókè, àti fèrè onípáìpù.

Àwọn àfòpiná ńlá tó ń hun òwú ni ó dán wò. Bíi kòkòrò sányán tiwa, àwọn náà a máa hun ilé yí ara wọn ká kí wọ́n tó yọ ìyẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Irú mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn ń gbọn ìyẹ́ nígbà tí fèrè bá dún. Ìkẹrin, polyphemus, kò mira. Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé adití ni. Turner bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú polyphemus bí fèrè ti ń dún. Nígbà tí ó ṣe, dídún fèrè nìkan tó láti mú kí ìyẹ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìró náà kò kàn án.

Ó ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú fún àwọn Catocala: wọ́n dá fèrè olóhùn òkè lóhùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ka ti ìsàlẹ̀ sí. Ìdáhùn Turner kan náà ni: ìró tó ní ìtumọ̀ nínú ayé ẹranko ni ẹranko ń dá lóhùn.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló pé. Ní 1910, ó fi páálí pupa tí oyin wà lórí rẹ̀ dán kòkòrò oyin wò, ó sì ní wọ́n mọ àwọ̀. Lónìí a mọ̀ pé ojú wọn kò rí pupa bí tiwa. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ṣíṣókùnkùn páálí náà ni wọ́n fi dá a mọ̀. Karl von Frisch ló fi àwọ̀ eérú oríṣiríṣi yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 1914, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973.

Turner kú ní Chicago ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé 1923, lẹ́yìn ìwé ìwádìí tó lé ní 70. Àwọn tó ń ka ojú ewé Faransé ìwé ìròyìn wa yóò fẹ́ láti mọ̀ pé ède yẹn náà ṣe é ní ọ̀wọ̀: bí èèrà ti ń pòyì nígbà tí ó ń wá ọ̀nà padà sí ilé, Victor Cornetz, ọmọ Faransé, pè é ní « tournoiement de Turner ».