Ogun Fọ́n Wọn Ká, Abẹ́ Olúmọ Gbà Wọ́n: Ìtàn Ẹbí Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí alukoro kọ ìtàn kan sínú ìwé ìrántí yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀: ilé tí a ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, iye tí a kọ́kọ́ dá, aṣọ tí a kọ́kọ́ rà. Akọ̀wé wa ti kọ ìyẹn sí ojú ewé mìíràn. Ìtàn tí a mú wá síbí dàgbà ju ẹgbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó kan ẹgbẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ìpàdé kan tí a ti fẹ́ yan olóyè, ẹnìkan béèrè nípa ọ̀kan nínú wa pé, "Ṣé ọmọ ìlú yìí tiẹ̀ ni bàbá rẹ̀?" Ilé pa lọ́lọ́. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó láàárín wa, kò sọ nǹkan kan. Alága fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, a dìbò, a jẹun, a túká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú wa. Ìbéèrè ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Ìtàn ni a ó fi dáhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Òṣoògùn

Ní 1821, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń fọ́. Àfọ̀njá ti Ìlọrin ti kẹ̀yìn sí Aláàfin, àwọn jagunjagun sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ní Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ọmọ kan wà tó tó bí ọdún mẹ́tàlá, Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Afala ni ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ní 1837, Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà.

Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ tí ariwo ta pé ogun ti dé. Bàbá sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà síbi ìjà. Àjàyí kò rí bàbá rẹ̀ mọ́ láéláé. Ìyá kó àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́yìn, wọ́n forí lé igbó. Wọn kò rìn jìnnà tí ọwọ́ fi tẹ̀ wọ́n. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n mọ́ra bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n sì ń dà wọ́n lọ, ilé wọn ń jó lẹ́yìn wọn.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín ẹbí náà bí ẹni pín ẹrù. Ìyá bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan, ọmọ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọkọ̀ náà lójú òkun, tí wọ́n dá àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Àjàyí fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́tun

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ọmọdé kan bọ́ sí ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wọn, kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ojúlé kan tó lè tọ́ka sí. Àwọn tó bá a dọ́gba ní Freetown pọ̀. Nítorí bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ń kí ara wọn ní "ẹ kú" tàárọ̀-tọ̀sán ni àwọn yòókù fi ń pè wọ́n ní Àkú. Orúkọ tí ìlú àjèjì fún wọn, inú ìkíni tiwọn ló ti wá.

Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀! Ẹgbẹ́ tó ń ṣètọ́jú aláìsàn, tó ń sin òkú, tó ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́. Wọ́n gbé eégún wọn jáde, àwọn ọdẹ pé jọ. Àwa tí iṣẹ́ owó là ń ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí sì mọ̀ pé èsúsú bá àwọn ènìyàn wa kọjá òkun: títí dòní, wọ́n ń pè é ní osusu ní Sàró, wọ́n sì ń pè é ní susu ní Trinidad. Ẹni tí ogun gba ilé, oko àti dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kù fún un ni kí èmi fọkàn tán ọ, kí ìwọ náà fọkàn tán mi. Orí ìyẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àjàyí kọ́ ìwé kíákíá. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó di Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ó fẹ́ Asano, tí wọ́n ń pè ní Susan, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bí tirẹ̀. Ní 1843 ó di àlùfáà. Ilé ti dé, iṣẹ́ ti dé, ọmọ ti dé. Ṣùgbọ́n àjò kò dùn kí onílé má relé.

Abẹ́ àpáta

Nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìn odi, ogun kò dáwọ́ dúró nílé. Ogun Òwu jà, Òwu fọ́. Ogun náà yí padà sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n run wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ́kù bá àwọn ológun gbé ní Ìbàdàn, ìyà ni. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn jáde, wọ́n dé abẹ́ Olúmọ. Wọn kò lè ru ilé wá, wọ́n ru orúkọ. Ìdí nìyí tí a fi ní Ìtókò, Ìkèrèkú, Kémta, Ìjẹùn, Ìgbórè àti Ìporo ní Abẹ́òkúta lónìí. Orúkọ ìlú tí ogun pa run ni wọ́n kí ó tó di orúkọ àdúgbò. Ní bí 1834, àwọn Òwu náà dé, wọ́n sì rí ilẹ̀ gbà.

Láti 1839, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Àwọn oníṣòwò wọn ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá sílé. Irú ọkọ̀ tó kó wọn lọ náà ló kó wọn bọ̀.

Crowther, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní 1845. Ṣódẹkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọ̀nà kò dára, wọ́n dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ní 1846 wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, obìnrin àgbàlagbà kan wá a wá pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ kan. Afala ni! Ọdún bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Àwọn méjèèjì ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá dì í lọ́wọ́ mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré pè é.

Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Ó wà láyé nígbà tí ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò sì kú títí di 1883. Ọmọ náà wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Abigail, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fẹ́ Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859. Àwọn ló bí Herbert Macaulay.

Ìdáhùn wa

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Àwọn bàbá wa kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn tí ogun lé wá síbí náà jagun, wọ́n sì kó ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ṣe tó dára: wọ́n fún ẹni tó dé ní ilẹ̀. Afala kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá. Abẹ́ Olúmọ ni ọmọ rẹ̀ ti rí i.

Nítorí náà, "Ṣé ọmọ ìlú yìí ni bàbá rẹ̀?" Bí a bá rìn padà dé 1829, bàbá ta ni nínú wa tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí? Ọjọ́ tí wọ́n dé ló yàtọ̀ síra, ohun tó lé wọn wá kò yàtọ̀. Arákùnrin wa tí a béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dá owó ẹgbẹ́ láìjẹ gbèsè kan láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti bá wa sin òbí, ó ti bá wa sọ ọmọ lórúkọ. Èyí tí a kò sọ fún un lọ́jọ́ náà, a sọ ọ́ níbí lójú gbogbo àlejò: jọ̀ọ́, má bínú. Tiwa ni ọ́.

Àwọn ẹbí tó sá fún ogun lápá Àríwá wà láàárín wa báyìí náà, wọ́n ń ta ọjà, wọ́n ń gbé omi, àwọn ọmọ wọn ń bá tiwa lọ sílé ẹ̀kọ́. A kò mọ èwo nínú àwọn ọmọ náà ni Àjàyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa.

A wá ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ṣí wá, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ogun tún fọ́n wa ká. Kí àjọ̀dún ogún ọdún bá wa láyé, kí ó bá wa níṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o. Àmín.