Ọjà Onitsha Náà Kọ́ni ní Lítíréṣọ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Onitsha, orúkọ iléèwé ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu: Dennis Memorial Grammar School tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní 1925, àti Christ the King College tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1933. Ìyìn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ìlú náà kọ́ni ní lítíréṣọ̀ pẹ̀lú, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé irú àwọn iléèwé wọ̀nyẹn ló sì kọ́ jù. Láti ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1940 títí ogun abẹ́lé fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ìwé pẹlẹbẹ ni ọmọ iṣẹ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ń rà níbẹ̀: eré oníṣe, ìtàn ìfẹ́, ìwé tó ń kọ́ni ní lẹ́tà kíkọ.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì inú wọn kò dán mọ́rán. Òótọ́ ni, àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo eré oníṣe Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956: Olóyè Jombo, bàbá Veronica, ń sọ Gẹ̀ẹ́sì amúlùmálà, Bomber Billy sì ń da ọ̀rọ̀ ńláńlá bo àwọn èèyàn lórí. Òǹkàwé tó bá rẹ́rìn-ín sí àwọn méjèèjì ti mọ bí èdè ṣe ń fi ipò èèyàn hàn, ohun tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá gan-an nìyẹn. Ní 1973, Emmanuel Obiechina kọ odindi ìwé lórí àwọn ìwé pẹlẹbẹ wọ̀nyí, Cambridge University Press ló sì tẹ̀ ẹ́. Kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fi wọ́n kún ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà.