Ìbẹ̀rẹ̀ Gbólóhùn Nínú Ìtàn Ọ̀rọ̀ Geere Yorùbá

Ìfáárà
Nínú àròkọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, bí "Ó" kò bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, "Wọ́n" ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títí àròkọ yóò fi parí. Nígbà tí olùkọ́ bá ní kí wọ́n yí i padà, èrò àwọn kan ni pé ìlànà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ìtàn kò ti èrò náà lẹ́yìn.

Ìtumọ̀ Bíbélì
Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde. Odindi Bíbélì tẹ̀lé e ní 1884. Nínú Májẹ̀mú Láéláé lédè Hébérù, ọ̀rọ̀-asopọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ púpọ̀. Gírámà Yorùbá kò gba irú èyí pẹ̀lú "sì", nítorí ẹ̀yìn olùwà ni "sì" máa ń wà. Nítorí náà, olùwà di aṣíwájú, "sì" sì ń tẹ̀lé e láti ẹsẹ dé ẹsẹ.

Ìtàn Àròsọ
Láàrin 1929 sí 1930, I. B. Thomas kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá bí lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Lẹ́tà fún asọ̀tàn láyè láti pe olóòtú àti òǹkàwé, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ tàbí kí ó dárò. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní 1938, ohùn apàlọ́ àti oníwàásù ti wọ inú ọ̀rọ̀ geere pátápátá.

Ohun Tí Gírámà Pèsè
Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: "Olú ra ìwé ní Ìbàdàn." Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí ó rà, a ó ní: "Ìwé ni Olú rà ní Ìbàdàn." Bí ó bá jẹ́ ibi tí ó ti rà á ni ó béèrè, "Ìbàdàn ni Olú ti ra ìwé" ni ìdáhùn, "ti" kò gbọdọ̀ sọnù níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì rò pé ó yá ìwé náà ni, a ó ní: "Rírà ni Olú ra ìwé." Ìtumọ̀ ni ó ń pinnu ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàn ń pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹwà lásán yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ìgúnlẹ̀
Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olùkọ́ tó fa ìlà pupa sábẹ́ "Ó", ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé: kí ni òǹkàwé rẹ ti mọ̀, kí sì ni o fẹ́ kí ó mọ̀ báyìí?