Fídíò Àná Tí Kò Parẹ́: Agbára àti Àléébù Project Almanac

Nínú fíìmù a-rí-he, wọ́n máa ń ṣe é bí ẹni pé àwọn tó wà nínú ìtàn ló fọwọ́ ara wọn ya àwòrán náà, tí ẹlòmíràn sì rí i lẹ́yìn wọn. The Blair Witch Project (1999) ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Cloverfield (2008) àti Chronicle (2012) mú un jáde láti inú igbó wá sí ìgboro. Gbogbo wọn ló ń jẹ gbèsè ìdáhùn kan: ta ló mú kámẹ́rà dání, kí ló sì dé tí kò jù ú nù nígbà tí ọ̀ràn dójú ọ̀gbagadè? Bí ìtàn bá wá kan ìrìnàjò sínú àná, gbèsè di méjì: bí àná bá yí padà, báwo ni fídíò rẹ̀ ṣe ṣẹ́ kù? Gbèsè kejì yìí ni mo fẹ́ fi díwọ̀n Project Almanac (2015), tí Dean Israelite darí, tí Michael Bay sì wà lára àwọn tó gbé e jáde.

Ìlú Atlanta ni ìtàn náà ti wáyé. David Raskin rí àyè wọ yunifásítì MIT, àmọ́ owó kò tó, ìyá rẹ̀ sì ti ń múra àtita ilé. Inú àjà ló ti ń tú ẹrù bàbá rẹ̀ tó ti kú nígbà tó bá kámẹ́rà àtijọ́ kan pàdé. Ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tó pé ọmọ ọdún 7 ló wà nínú rẹ̀. Bí àwòrán ṣe ń yí lọ, ojú ẹnìkan hàn fìrí nínú dígí: David fúnra rẹ̀ ni, bó ṣe dàgbà tó lónìí. Níbí, ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ bá ara wọn mu pátápátá. Láìsí kámẹ́rà, kò sí ìtàn.

Ìran Quinn, ọ̀rẹ́ David, náà dára. Lẹ́yìn tí David àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ ìrìnàjò sínú àná, wọ́n padà sí àná, wọ́n yọ́ wọ yàrá níbi tí Quinn àná ti ń sùn, wọ́n yàwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i lọ́rùn. Lójú ẹsẹ̀ ni àpá rẹ̀ yọ lọ́rùn Quinn tòní. Òun tàná bá jí, wọ́n fojú kan ara wọn, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Kò sí onímọ̀ tó ń ṣàlàyé òfin kankan. Ojú wa ló rí i.

Nígbà tí wọ́n dé ibi àgbo orin Lollapalooza, nǹkan dàrú. Orin bo ìran, àwòrán ń fò láti igun kan sí òmíràn, ó wá dà bí ìpolówó ọtí. Ta ló jókòó to gbogbo rẹ̀ pọ̀? Nígbà tí David sì ń dá nìkan padà sí àná ní ìkọ̀kọ̀ nítorí Jessie, ọmọbìnrin tó nífẹ̀ẹ́, kámẹ́rà ṣì ń bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń jalè ìfẹ́ kì í gbé ẹlẹ́rìí dání. Ọ̀rọ̀ ìpolówó fíìmù náà tilẹ̀ burú ju èyí lọ: àwòrán bàálù ológun B-52 tó já ní Fairchild ní 1994, tó pa ènìyàn 4, ni wọ́n lò fún jàǹbá inú ìtàn. Àwọn ẹbí fẹ̀hónú hàn, Bay tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.

Nípa gbèsè kejì, David ba ẹ̀rọ náà jẹ́ láti orísun kí ìrìnàjò náà má baà ṣẹlẹ̀ rárá, síbẹ̀ kámẹ́rà méjì ló ṣẹ́ kù nínú àjà. Ẹ̀fẹ̀ ìparí lásán ni wọ́n fi ṣe.

LOLA (2022) ti Andrew Legge san gbèsè yìí dáadáa. Ní 1941, Thomasina àti Martha ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àti àwòrán láti ọjọ́ iwájú; fíìmù tí à ń wò sì jẹ́ iṣẹ́ tí Martha rán sí Thomasina, ọmọ ìyá rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe yẹ kó ṣẹ́ kù. Nígbà tí ogun yíwọ́, David Bowie tí wọ́n fẹ́ràn kò sí nínú ọjọ́ iwájú mọ́. Orin àwọn aninilára, tí Neil Hannon kọ, ló gba ipò rẹ̀, ó sì dùn létí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bani.